Etí Tí Mo Lọ̀ Mọ́ Ata

Agbo ilé wa,
Ìsàlẹ̀ Òsì,
Ìbàdàn.

Wàsíù ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ pẹ̀lú ara líle ní Ṣàgámù, a jẹ́ pé àdúrà tí mò ń ṣe lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ti débi tí mo rán an nìyẹn. Ara bàbá rẹ le. Èmi náà ń jẹ, mò ń mu, mo sì ń bá Kúdí àbúrò rẹ jà lórí ẹ̀wà tó ń jẹ́ kó jóná. Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀.

Tẹlifóònù ló dójú tì mí tí mo fi ń kọ̀wé. Lọ́jọ́ tí o pè, Kúdí kò sí nílé, èmi nìkan ni mo gbé e. O ní, "Màmá, mo ti ríṣẹ́ o!" Ohun tí etí mi gbé wá fún mi ni pé o ti rí ìṣẹ́. Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Ìṣẹ́ kò ní jẹ́ tìẹ, Àkànní! Kí ló dé? Ta ló ṣe ọ́?" Ìwọ náà ń pariwo lọ́hùn-ún pé, "Iṣẹ́ ni, Màmá! Iṣẹ́!" Bí o ṣe ń pariwo tó, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ ń fọ́ mọ́ mi létí, tí mo sì rò pé ẹkún ni ìwọ náà ń sun. Bàbá rẹ ló sáré wọlé, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohun tí o sọ, ẹ̀rín mú wọn títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n wá gbé ọwọ́ sókè níwájú mi, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń fi sípánà tú nǹkan. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ayọ̀ ló wọlé dé.

Mo kí ọ kú oríire, ọmọ mi. Láti kékeré lo ti ń tú rédíò bàbá rẹ palẹ̀ tí o sì ń tò ó padà tí yóò sì fọhùn. Mo máa ń wò ọ́ láti ẹnu ọ̀nà, mi ò sì jẹ́ kí o mọ̀ pé mò ń wò ọ́, kí orí rẹ má baà wú. Ọlọ́run ti fi iṣẹ́ sí ọwọ́ tó yẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ sọ nǹkan kan tí kò jẹ́ kí ayọ̀ mi kún. Wọ́n ní o sọ pé ilé-iṣẹ́ ìgò ni, pé ẹ̀rọ márùn-ún ló wà níkàáwọ́ rẹ, àti pé ariwo ibẹ̀ pọ̀ débi pé bí ẹ bá fẹ́ bá ara yín sọ̀rọ̀, ẹnu létí ni. Wọ́n ní ẹ̀rín lo fi sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ya ewé láàárín ìwé Kúdí, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. O mọ̀ pé ìwé kíkọ kò ṣòro fún mi. Ìwé mẹ́fà tí mo kà, mo kà á dójú àmì. Ohun tí mi ò sọ fún ọ rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Sífáwù ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí mi ò bá sọ tiwọn, ìmọ̀ràn mi kò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìwọ mọ̀ wọ́n sí ìyá àgbà tó rán aṣọ iléyá rẹ àkọ́kọ́. Èmi mọ̀ wọ́n kí ewú tó bo orí wọn. Bí mo ṣe parí ìwé mẹ́fà ni ìyá mi mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ wọn, ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Ibà kan ló gba etí wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ sọ kó tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà wọ́n ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ohùn wọn máa ń gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n ní Ìyá Adití, wọn kì í bínú. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì ju ti ẹlétí méjì lọ. Bí èmi bá jókòó sídìí ẹ̀rọ tí mò ń rán nǹkan, wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí díẹ̀, wọ́n á ní, "Abẹ́rẹ́ yẹn ti kú. Yọ ọ́." N ó yọ ọ́ wò, ẹnu rẹ̀ á ti tẹ̀ lóòótọ́. Èmi tí mò ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti àárọ̀, mi ò mọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kan, mo dúró lẹ́yìn wọn, mò ń sín ohùn wọn jẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Mo gbàgbé pé dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ wà lára ògiri níwájú wọn. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n rí ẹnu mi.

Wọn ò nà mí. Wọ́n mú òwú, wọ́n fi òrí pa á, wọ́n dí etí mi méjèèjì pinpin, wọ́n sì fi ìborùn dì í. Wọ́n fi àpò òwú ìránṣọ mẹ́ta hàn mí, wọ́n nawọ́ sí ọ̀nà Ọjà'ba. Mo rí ẹnu wọn tó ń sọ pé, "Lọ ra irú rẹ̀ wá. Má tú u o."

Àkànní, mo rí nǹkan lọ́jà lọ́jọ́ náà. Ìyá tó ń ta òwú béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ó tún un sọ, mo mi orí. Ó yọjú sí ẹni kejì rẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, mi ò sì mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Alábàárù kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ti ń ké pé kí n yà fún òun, n kò yà. Ẹrù rẹ̀ gbé mi ṣubú sínú ẹrẹ̀. Gbogbo ẹnu ló ń là tó ń pa dé lé mi lórí. Mi ò tíì dá wà rí bí mo ṣe dá wà láàárín èrò yẹn. Nígbà tí mo padà dé, òwú tí mo rà kò bá èyí tí wọ́n rán mi mu, ẹkún ni mò ń sun.

Wọ́n tú etí mi. Wọ́n fi etí aṣọ wọn nu ojú mi. Wọ́n ní, "Ràmọ́tù, o ò lò tó wákàtí kan níbẹ̀. Èmi ti wà níbẹ̀ láti ogún ọdún. Ṣé o ti rí mi kí n máa sunkún?"

Ìmọ̀ràn kìíní nìyí, ọmọ mi: má ṣe fi ẹni tí kò gbọ́ràn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí o bá bá irú wọn pàdé níbi iṣẹ́, kọjú sí i kí o tó sọ̀rọ̀, má pariwo, má sì sọ pé "jẹ́ kó lọ, kò ṣe nǹkan kan" bó bá béèrè ohun tí ẹ ń sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ tó dun ni tó ìyẹn. Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Òkò tí mo sọ, orí èmi fúnra mi ló bà.

N kò fi aṣọ rírán jẹun. Mo fẹ́ bàbá rẹ, ìyá wọn sì fi ilé ẹ̀rọ ata lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀rọ méjì kọjú sí ara wọn lábẹ́ páànù kékeré kan. Bí wọ́n bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, eyín ẹni á máa gbọ̀n lẹ́nu. Ní ọdún àkọ́kọ́, bí mo bá délé nírọ̀lẹ́, nǹkan á máa han wìn-ìn ní etí mi bí ẹ̀fọn. Tó bá di àárọ̀, á ti lọ. Mo rò pé bí ó ṣe ń rí nìyẹn, pé kò sí wàhálà. Mi ò mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́.

Ìbátan bàbá rẹ kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la igi mú ìbotí wá fún mi, irú èyí tó dà bí ìdérí méjì tí irin so pọ̀ kọjá lórí. Mo fi í ṣe ẹ̀rín. Mo ní, "Ẹ gbà mí o, ṣé bàálù ni mo fẹ́ wà ni?" Mo fi í kọ́ ìṣó lára ògiri. Eruku bò ó níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọwọ́ mi tó o lójoojúmọ́, Wàsíù. Bí mo bá na apá, n ó kàn án. Bí mo ṣe ń lọ ata fún àwọn èèyàn nìyẹn, tí mò ń lọ etí mi mọ́ ọn.

Nítorí náà, ìkejì: bo etí rẹ. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá fún yín ní ìbotí, lò ó. Bí wọn ò bá fún yín, béèrè. Bí wọ́n bá pẹ́, ra tìrẹ. Àwọn àgbà ibẹ̀ á sọ fún ọ pé etí á mọ́ ọn lára. Etí kì í mọ́ ọn lára, kíkú ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Bí o bá sì jáde lẹ́nu iṣẹ́, jẹ́ kó sinmi. Má tún ki okùn orin yẹn bọ inú rẹ̀ kí o máa fi ìlù lu ohun tí ẹ̀rọ ti lù látàárọ̀. Mo mọ̀ ọ́, ìwọ lò ń sùn pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e, mo ń tijú láti sọ ọ́. Nígbà tí n kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, mo ní ìdọ̀tí ló dí etí mi. Mo fi ìyẹ́ adìyẹ rò ó, mo fi ẹ̀yìn ìṣáná rò ó, mo da àdín gbígbóná sí i, mo tún ra òògùn tí wọ́n ń kán sétí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri. Níkẹyìn mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tí mo we òwú mọ́ rò ó. Ó gún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni etí òsì ń tú. Àkànní, má ki ohunkóhun bọ etí. Bó bá ń dùn ọ́, bó bá ń han, bó bá dí, ọ̀dọ̀ dókítà elétí ni kí o lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìgbálẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ sọ wàyí ló wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n délẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí ọjà kún, tí ẹ̀rọ méjèèjì ń ké, aládùúgbò ìyá mi kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí mú nínú rẹ̀ ni "ìyá" àti "Kúdẹtì", àdúgbò ìyá mi. Nígbà yẹn mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń díbọ́n. Bí èèyàn bá rẹ́rìn-ín, n ó rẹ́rìn-ín. Bó bá lejú, n ó mi orí. Mo rò pé ìyá mi ló ní kó kí mi. Mo mi orí, mo ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ bá mi kí wọn o." Ọkùnrin náà wò mí títí, ó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà.

Ohun tó sọ ni pé ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀, pé wọ́n ti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, kí n máa bọ̀ kíákíá.

Mo lọ ata títí di ìrọ̀lẹ́. Àfìgbà tí bàbá rẹ wá gbé mi. Nígbà tí a débẹ̀, ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, eegun ìbàdí wọn ti fọ́. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ràmọ́tù, mo ṣubú, o ní kí wọ́n bá ọ kí mi." Wọ́n yí ojú sí ògiri.

Kí ló yẹ kí n sọ? Ó yẹ kí n sọ pé, "Màmá, etí mi ti lọ, mi ò gbọ́ ohun tó sọ." Gbólóhùn kan ṣoṣo. N kò sọ ọ́. Mo ní ọjà ló kún. Mo yàn kí ìyá mi pè mí ní ọmọ burúkú ju kí wọ́n pè mí ní adití lọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ń gbé oúnjẹ lọ, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ láìwo ojú mi.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Àǹtí Sífáwù wá kí wọn. Wọ́n jókòó sí igun, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Lójijì wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ràmọ́tù, láti ìgbà wo lo ti ń wo ẹnu?"

Mo ní, "Ẹnu ta ni, Àǹtí?"

"Ẹnu gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń gbọ́ kì í wo ẹnu bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ tó ń wò ó bẹ́ẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀, níwájú ìyá mi. Mo rò pé wọ́n á ké mọ́ mi. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n di etí mi mú bí wọ́n ṣe máa ń dì í mú nígbà tí mo wà ní kékeré, omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Nítorí etí lásán, o jẹ́ kí n máa rò pé n kò bímọ?" Wọ́n gbádùn, wọ́n fi ọ̀pá rìn fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, kò sẹ́ni tó lè dá a padà fún àwa méjèèjì.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé etí tí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Èmi ò gbọ́ yìnkìn, inú èèyàn méjì sì bàjẹ́. Má ṣe sọ "mo ti gbọ́" bí o kò bá gbọ́. Ní, "Mi ò gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí Sífáwù ti tún gbà mí sí iṣẹ́ kíkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n kọ́ mi pé kí n jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ á ti bọ́ sójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀yìn ti ògiri ní ìpàdé ẹbí, kí gbogbo ojú lè wà níwájú mi. Wọ́n ní kí n má kàn sọ "hẹ̀n?" bíi àgùntàn, kí n sọ ibi tí mo gbọ́ dé, kí wọ́n lè bá mi parí rẹ̀. Bí mo bá ní ojú ń tì mí, wọ́n á fọwọ́ lu ìgò ojú tí mo fi ń kàwé, wọ́n á ní, "Ta ló bú ọ lórí èyí?"

Àwọn ló sì mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n bá mi tò láti ìdájí títí oòrùn fi kàn wá lórí, àwọn tí kò sí nǹkan kan tí ilé ìwòsàn lè ṣe sí tiwọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan gbé nǹkan bò mí létí, ó ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì bí mo bá ti ń gbọ́ ìró. Mo jókòó, mò ń dúró dè é pé kó bẹ̀rẹ̀. Àṣé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Dókítà ní ibi tí ariwo bá ti jẹ nínú etí kì í hù padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgbọ́ràn á ran èyí tó kù lọ́wọ́. Owó ẹ̀rọ náà pẹ́ ká tó rí i, bàbá rẹ ló ṣe é.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí mi létí, Àǹtí Sífáwù jókòó níwájú mi. Wọ́n ní, "Kí lò ń gbọ́?"

Báwo ni èèyàn ṣe ń jẹ ẹran níwájú ẹni tí ebi ń pa? Mo ní kò sí nǹkan kan.

Wọ́n ní, "Má parọ́ fún mi. Sọ ọ́. Mo fẹ́ mọ̀."

Mo wá ń sọ ọ́ fún wọn. Mo ní mo gbọ́ bàtà mi nílẹ̀, mo tilẹ̀ rò pé ẹnì kan ń tẹ̀ lé mi ni. Mo gbọ́ bébà lọ́wọ́ dókítà. Mo gbọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ọ̀dọ́bìnrin yẹn. Ojú wọn ń dán, wọ́n ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gba ẹ̀bùn. Wọ́n wá ní, "Nígbà tí mo wà ní kékeré, òjò lórí páànù ni mo fẹ́ràn jù. Tí òjò bá rọ̀, wá sọ fún mi bóyá ó ṣì rí bẹ́ẹ̀."

Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo fi ọ̀rá bo etí, mo gba Ọjà'ba lọ sí Mápó. Wọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo òpópónà bí ẹni tó mọ̀ pé n ó wá. A jókòó sábẹ́ páànù. Mo ní, "Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń da ìrẹsì sínú àwo." Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo ní, "Ó ti di púpọ̀, mi ò lè kà á mọ́." Wọ́n di ojú, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò tíì yí padà." Ọmọ mi, mo ti rí ọlọ́lá, mo ti rí alágbára ní ìlú yìí. N kò tíì rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ tóbi tó ti ìyá yìí.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà báyìí, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò sì kún agbọ̀n. Ó ku díẹ̀. Máa yẹ etí rẹ wò lọ́dọọdún, kódà bó bá dà bíi pé ó pé. Tí o bá ti ń sọ pé àwọn èèyàn ń kùn lẹ́nu, pé wọn ò sọ̀rọ̀ jáde mọ́, mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu wọn. Èmi ṣì ń lọ ata, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ni mò ń ṣí lẹ́ẹ̀kan, n ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sínú àpò, n ó bo etí. Àwọn ará ọjà fi mí rẹ́rìn-ín fún oṣù kan. Ìyá tó ń lọ ẹ̀gẹ́ níwájú mi ti ra tirẹ̀ báyìí.

Kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí ọwọ́ rẹ. Kí àwọn tí o bá níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ, kí àwọn tí yóò bá ọ níbẹ̀ rí nǹkan kọ́ lára rẹ. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé orí àwọn wú, pé ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ò tíì tán nínú àwọn.

Nígbà tí o bá fẹ́yàwó, tí o sì bímọ, tí ẹ gbé e wá sí Ìbàdàn, bí ọmọ náà bá ń sọ̀rọ̀ tí mo ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, má jẹ́ kó sú u. Sọ fún un pé kò sí èyí tí ìyá àgbà fẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Ràmọ́tù.